Fèrèsé Kan, Onílé Méjì

Alẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ ní Èpé, lẹ́yìn ìrun Iṣáì,
jẹnẹrétọ̀ Àlájì Mùsẹ́díkù ṣì ń kùn,
èmi Ráfátù jókòó ti kọ̀ǹpútà,
mo ń bẹ ẹni méjì kí wọ́n jọ gbé yàrá kan.

Ọ̀kan ni àwọn bọ́tìnnì tí kọ̀ǹpútà bí nínú ara rẹ̀:
bọ́tìnnì aláwọ̀ eérú tó mọ̀wàá hù,
àpótí kékeré tí à ń fi àmì sí,
àtòkọ tó ń já wálẹ̀ bí aṣọ ìkélé.
Ọmọ onílé ni wọ́n. Wọn kì í sáré.
Bí o kò bá fọwọ́ kàn wọ́n, wọ́n á sùn.

Èkejì ni àpò irinṣẹ́ géèmù tí mo gbà wọlé.
Òun kì í sùn. Ọgọ́ta ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan
ló ń pa omi ọ̀sà rẹ́, tó tún un yà,
tó ń ti ọkọ̀ síwájú díẹ̀ díẹ̀,
tó ń bi mí pé, "Kí ló kù? Kí ló kù?"
Ẹni tí kò lè jókòó, ẹni tí kò fẹ́ dìde,
àwọn ni mo fẹ́ so pọ̀.

Bọ́tìnnì wà lápá òsì, ọ̀sà wà lápá ọ̀tún,
kí Wàsílátù ọmọ ẹ̀gbọ́n mi lè yan iye ẹja,
kó yan ìjì tàbí ìdákẹ́rọ́rọ́,
kó wa ọkọ̀ láti etídò wa dé Èjìnrìn.

Àmọ́ omi ń ṣẹ́jú bí ojú tí iyanrìn kó sí:
onílé ń fi funfun kun ilẹ̀,
àlejò ń fi búlúù bo funfun,
onílé tún dé pẹ̀lú kànìnkànìn rẹ̀.
Mo fa fèrèsé lórí, omi dúró gbagidi.
Mo ṣí àtòkọ, ẹja so rọ̀
bí ẹni tó gbàgbé ohun tó fẹ́ sọ.
Wàsílátù ní, "Àńtí, ọ̀sà ti kú."

Ìyẹn nìkan kọ́. Bó bá ti tẹ bọ́tìnnì ìjì tán,
àjẹ̀ kò gbọ́ tirẹ̀ mọ́.
Kíbọọ̀dù ti bá bọ́tìnnì lọ,
ó gbàgbé pé òun fi ọkọ̀ sílẹ̀ lójú omi.

Bàbá wọlé wá mú tọ́ọ̀ṣì tó fi sí iná.
Kànkọ̀ ni bàbá mi; kò mọ kíbọọ̀dù, pákó ló mọ̀.
Ó wo ojú kọ̀ǹpútà, ó pẹ́.
"Ta ló ni ọkọ̀ yìí?"
Mo ní géèmù ni.
"Ẹ̀n-ẹ́n. Nígbà tí Yàmáhà kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ wa,
Lámídì dè é mọ́ ìdí ọkọ̀ bàbá rẹ̀,
ó ní kí ẹ́ńjìnnì máa ṣe ọ̀gá.
Ẹ́ńjìnnì gbéra, ó gbé ìdí ọkọ̀ lọ,
ó fi iwájú sílẹ̀ fún Lámídì."
Ó rẹ́rìn-ín, ó wúkọ́.
"Pákó tó nípọn la kọ́kọ́ ń kàn sí ìdí.
Ọkọ̀ ló ń gbé ẹ́ńjìnnì.
Kó máa ké, àmọ́ orí pákó tirẹ̀ ni kó ti ké."
Ó mú tọ́ọ̀ṣì rẹ̀, ó lọ.

Mo pa iṣẹ́ mi rẹ́ láti ìlà kejìlá.
Mo gba ilé lọ́wọ́ àlejò, mo dá a padà fún onílé.
Mo la fèrèsé kékeré sínú fèrèsé ńlá:
"Àpò irinṣẹ́, ibí ni kí o ya omi rẹ sí, má kọjá.
Onílé, má gbé kànìnkànìn débẹ̀."
Mo fi aago kan sí àárín wọn
tó ń jí onílé, tó ń jí i, tó ń jí i,
tó ń ní, "Jẹ́ kí àlejò mí."
Bọ́tìnnì tí a bá sì tẹ̀ tán,
dandan ni kó dá kíbọọ̀dù padà sójú omi.

Wàsílátù gbá fèrèsé mú, ó wọ́ ọ káàkiri.
Ẹja kò dúró. Ó tẹ ìjì, ó sì ń tukọ̀ nínú rẹ̀,
ó ku díẹ̀ kó dé Èjìnrìn
tí epo tán nínú jẹnẹrétọ̀ Àlájì.

Òkùnkùn. Ọ̀sà gidi ń lu etídò lẹ́yìn ilé.
Mo jókòó, ọwọ́ mi ṣì wà lórí máòsì,
mi ò rántí bóyá mo fi iṣẹ́ náà pamọ́.